Wíwò lójú kì í kó Àpólò ranni

Ẹlẹ́lùbọ́ tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, fi awò dúdú sójú. Kí n tó kí i tán, ó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Bùrọ̀dá, ẹ má wò mí lójú o, Àpólò ni.” Èmi náà wolẹ̀ bí ajigbèsè. Ó ti ìka bọ abẹ́ awò, ó nu omijé, ó sì fi ìka kan náà ka ṣéńjì mi.

Ojú kì í ta àrùn sí ojú. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà ń fa Àpólò, inú omijé àti ipin ló sì wà. Ọwọ́, tówẹ̀lì, ìrọ̀rí àti owó ló ń gbé e kiri. Ẹ jókòó sí òdìkejì títì, kí ẹ máa wo alápólò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní ràn yín. Ẹ gba ṣéńjì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ nu ojú, ó lè di tiyín. Ẹni tó sún mọ́ wa débi pé à ń wo ara wa lójú la sábà jọ ń lo tówẹ̀lì. Ìyẹn ni ìgbàgbọ́ náà kò fi kú. Awò dúdú kàn ń dín ìtànṣán kù fún ẹni tó wọ̀ ọ́ ni.

Orúkọ ọ̀hún, láti 1969 ni: àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà lọ́dún tí Apollo 11 lọ sí òṣùpá, àwọn èèyàn sì so méjèèjì pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi tútù ń tu ojú lára. Ọṣẹ àti omi ni ti ọwọ́. Èyí tó ń bí mi nínú ni ìtọ̀ tí wọ́n ń kán sójú. Bí ẹni tó tọ̀ ọ́ bá ní àtọ̀sí, ojú náà lè fọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀! Omi ọmú àti omi ṣúgà náà kì í ṣe oògùn. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ojú tó ní sitẹ́rọ́ìdì (èròjà tó ń mú kí ojú wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀), tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì láìbéèrè ìwé dókítà. Tí ẹ bá ń kán an lọ bẹ́ẹ̀, ó lè mú kí ẹyinjú le láti inú, kí ó sì máa jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo ojú pípọ́n kọ́ ni Àpólò, ṣá. Bí ojú bá ń dunni gan-an, tí ìríran ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gúnni lójú, tí funfun yọ lórí dúdú ojú, tàbí tó jẹ́ ọmọ tuntun ni, ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí mo padà lọ ra ẹ̀lùbọ́, ojú ìyá ti mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló wọ awò dúdú.