Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní daycare, ẹ gbé oyin kúrò nídìí ọmọ ọwọ́

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì tí màá wọ ilé ẹni tó ń ṣe daycare nílùú Amẹ́ríkà yìí tí màá rí ìgò oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídà ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta! Tọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dùn mí jù, torí obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀, ilé mọ́ tónítóní, mẹ́nù wà lára ògiri, ó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ tó jẹun àárọ̀ sílẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn, mo ti fẹ́ máa yìn ín nínú ọkàn mi, àfi bó ṣe nawọ́ mú ìgò oyin tó fi ṣíbí kékeré bù ú sínú ògì ọmọ oṣù méje. Mo ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?" Ó ní, "Ó ń wúkọ́ ni, màmá ẹ̀ ló ní kí n máa fi sí i fún un."

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí food program jẹ́, ètò tí ìjọba fi ń san owó oúnjẹ tẹ́ ẹ ń fún àwọn ọmọ ní daycare, tí mo ń tìtorí ẹ̀ wá yẹ ilé yín wò. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ ti mọ̀, ẹni tí ò tíì forúkọ sílẹ̀ kó lọ wá sponsor, àjọ tó ń bójú tó ètò náà, tó wà ní ìpínlẹ̀ ẹ̀, àtọdún 1968 nìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí, orí owó náà ni. Ṣé wọ́n á san snack kejì? Oúnjẹ méjì àti snack kan ni wọ́n ń san fún ọmọ kan lójúmọ́, tàbí snack méjì àti oúnjẹ kan, ó parí síbẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n yọ owó snack ọjọ́ Tuesday? Torí pé juice lẹ fún wọn láàárọ̀, tẹ́ ẹ tún fún wọn nírọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń ka juice, ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ò dẹ̀ gbọdọ̀ mu ún rárá. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé tí wọ́n kó fún yín, ẹ kà á.

Oyin ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum. Tí ibi tó wà ò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ńṣe ló máa sọ ara ẹ̀ di hóró kékeré tójú ò lè rí, táá máa sùn, bí irúgbìn tó wà nínú ilẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Inú erùpẹ̀ ló ń sùn sí, inú eruku, àti inú oyin. Èmi àti ẹ̀yin lè lá oyin yẹn kó má ṣe wá ní nǹkan kan, torí inú àgbàlagbà ti kún fún àwọn kòkòrò rere tó gba gbogbo àyè, hóró yẹn ò ní ríbi dúró sí kó tó bá ìgbẹ́ jáde. Inú ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ò rí bẹ́ẹ̀. Àyè ṣì ṣófo níbẹ̀, ilẹ̀ tútù ni, hóró yẹn á jí, á hù, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú májèlé sínú ara ọmọ. Májèlé yẹn ló ń dí ẹnu iṣan tó ń gbé iṣẹ́ wá látinú ọpọlọ, ọpọlọ á ní kí ọwọ́ gbé sókè, ọwọ́ ò ní gbọ́, á ní kí ọmọ mu ọyàn, ẹnu ò ní lè fà á, tó bá wá dé ibi èémí, ẹ ti mọ ìyókù.

Ìgbẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ìpéǹpéjú á máa wálẹ̀, igbe ọmọ á wá tínrín, kò ní lè mu wàrà dáadáa mọ́, ọrùn tó ti le tẹ́lẹ̀ á tún rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn kan á ní "ṣebí mo sè é pọ̀ mọ́ ògì ni." Omi híhó ò pa hóró yẹn! Iná ìdáná ilé yín ò tó o, kódà bisikíìtì tí wọ́n fi oyin yan nínú ààrò, ìlànà food program ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, nítorí náà sírìlì tí wọ́n kọ honey sí lára páálí ẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sí i. (Ọ̀rọ̀ ògì fúnra ẹ̀ tún lọ́tọ̀, sírìlì tí wọ́n fi iron sí nìjọba ń san owó ẹ̀ fún ọmọ ọwọ́, ọjọ́ mìíràn la máa sọ ìyẹn.) Àwọn mìíràn á ní "tèmi kì í ṣe ti supermarket o, ojúlówó ni, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé ni." Ojúlówó gan-an ni kòkòrò yẹn ń gbé. Oyin ò di àìléwu torí pé ó dára.

Kí n má parọ́, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí àrùn yìí mú ló fẹnu kan oyin, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ jẹ ẹ́ rí, eruku tó ń fẹ́ kiri lè gbé e wá. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ fún eruku pé kó má fẹ́? Oyin lèyí tó wà lọ́wọ́ wa, ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo lórí ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ibi tí mò ń bọ̀ yìí máa ká àwọn kan lára. Wọ́n fi oyin sọ èmi náà lórúkọ, wọ́n fi sọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ràn àṣà yẹn, omi máa ń bọ́ lójú mi tí mo bá gbọ́ àdúrà ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni o! Ẹ gbé oyin fún bàbá, ẹ gbé e fún ìyá, káwọn àgbà tó jókòó tọ́ ọ wò lórúkọ ọmọ, kí ẹ ṣàdúrà yín kó le. Ẹnu àwọn àgbà ni àdúrà yẹn ti ń jáde, kò sí nínú ìtọ́wò tí wọ́n fi kan ahọ́n ọmọ. Ẹni tó bá wá ń sọ pé ọmọ tí wọn ò fi oyin kàn lẹ́nu, ayé ẹ̀ ò ní dùn, kó jọ̀ọ́ kó má sọ ọ́ níwájú mi.

Àwọn tó tún wá ń bí mi nínú ni àwọn tó ń tà á lórí WhatsApp. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ṣáá, ó po oyin mọ́ àlùbọ́sà àti aáyù, ó ní ikọ́ ọmọdé ni, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá bí i. Níbo ló ti kọ́ ọ? Èmi kàwé oúnjẹ ní yunifásítì, mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù, mo jókòó ṣe ìdánwò kí wọ́n tó fún mi ní orúkọ dietitian, títí di òní mo gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí ẹ̀kọ́ 75 láàárín ọdún márùn-ún kí wọ́n má gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi, ẹnì kan á wá gbé fóònù sókè nínú kíṣìnì, ẹ dẹ̀ gbà á gbọ́ jù mí lọ.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, wọ́n gbé ọmọ oṣù mẹ́rin kan wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni ò fi yàgbẹ́, ìyá àgbà tó wá bá wọn wẹ ọmọ ní inú kíkún lásán ni. Lọ́jọ́ kẹrin ìyá ọmọ tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé ọmọ ti ń sùn, kì í ké mọ́, kò mọ̀ pé agbára tó fẹ́ fi ké ni ò sí. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, igbe ẹ̀ dà bíi ti ọmọ ológbò. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Èmi ni mò ń ṣírò iye wàrà ìyá ẹ̀ tí wọ́n máa gba rọ́bà imú rọ sí i ní wákàtí wákàtí, mo ṣì rántí ìwọ̀n yẹn títí dòní. Oògùn wà fún un, BabyBIG ni wọ́n ń pè é, California ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n májèlé tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, oògùn ò lè dá a padà, ńṣe lẹ máa dúró kí iṣan tún ara ẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni ọmọ yẹn lò. Ó yè. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ ní daycare wá lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò lè wọlé. Oyin ló máa ń fi ra pacifier kí ọmọ lè dákẹ́ fún un ráyè wo àwọn yòókù.

Nítorí náà tí ìyá ọmọ bá kọ̀wé fún yín pé kẹ́ ẹ fún un ní oyin, ẹ má gbà á. Ìwé lè mú kẹ́ ẹ pààrọ̀ mílíìkì fún ọmọ tí mílíìkì ń bá jà, kò lè mú kẹ́ ẹ fún ọmọ ọwọ́ ní oyin. Tó bá ń wúkọ́, dókítà ọmọ ni kí wọ́n pè, kí wọ́n má lọ ra oògùn ikọ́ fúnra wọn. Tó bá ti pé ọdún kan, mi ò bá yín jà mọ́, oyin tiẹ̀ máa ń tu ọ̀fun tó bá ń wúkọ́. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ rí àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀ lókè yẹn lára ọmọ, ẹ má dúró de ìyá ẹ̀ kó tibi iṣẹ́ dé, 911 ni kẹ́ ẹ pè, tẹ́ ẹ bá sì ti fún un ní oyin, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kójú má tì yín, wákàtí kan tẹ́ ẹ bá fi pa á mọ́ ti pọ̀ jù.

Àǹtí tọ̀sẹ̀ tó kọjá da ògì yẹn nù lójú mi, ó wá pe ìyá ọmọ, ìyá àgbà já fóònù gbà, a jà díẹ̀, mo ṣàlàyé, ó ní òun gbọ́ ṣùgbọ́n òun fi oyin tọ́ ọmọ mẹ́fà. Mo kọ ohun tí mo rí sínú fọ́ọ̀mù mi, Àǹtí fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún là ń wá sílé kọ̀ọ̀kan, méjì nínú ẹ̀ a kì í pè kí á tó dé. Mo ṣì ń padà bọ̀ níbẹ̀, kántà yẹn dẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò.