Yanrìn nìkan ò lè di gíláàsì lórí iná èédú, Minecraft ló tàn yín

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gba họ́lídè, géèmù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Minecraft ló ń gbá láti àárọ̀ títí dalẹ́. Sátidé kan mo yà sílé wọn, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti bu yanrìn táwọn bíríkìlà ṣẹ́ kù sínú agolo mílíìkì, ó gbé e ka iná èédú, ó ń fi ìdérí kúlà fẹ́ ẹ kíkankíkan, òógùn ti bò ó. Mo ní kí lò ń sè níbẹ̀ yẹn? Ó ní, "Gíláàsì ni, Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún mọ́mì." Ó ti tó wákàtí kan tó ti ń fẹ́ná yẹn o, ìdí agolo ti pọ́n dòò, ọ̀dà ara ẹ̀ ti jó tán, àmọ́ yanrìn inú ẹ̀ wà bó ṣe wà, ó kàn dúdú díẹ̀ ni. Inú ẹ̀ ò dùn rárá. Ó ní nínú géèmù, sẹ́kọ́ńdì 10 péré ni.

Mi ò bá a wí, torí lẹ́nu àwọn àgbàlagbà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá pé kí ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, gbogbo wọn á ní yanrìn ni, wọ́n kàn máa ń yọ́ ọ. Wọn ò purọ́ tán, yanrìn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ lóòótọ́. "Wọ́n kàn máa ń yọ́ ọ" yẹn gan-an ni wàhálà wà.

Ẹni tí ò gbá Minecraft rí, bó ṣe ń lọ nìyí: ẹ máa wa yanrìn, ẹ á jù ú sínú iléru, ẹ á ki èédú tàbí igi bọ ìsàlẹ̀, tó bá di sẹ́kọ́ńdì 10 búlọ́ọ̀kù gíláàsì kan á jáde, ó mọ́ gaara. Èédú ẹyọ kan tó láti yọ́ búlọ́ọ̀kù 8. Tẹ́ ẹ bá to gíláàsì 6 pọ̀, ẹ á rí gíláàsì pẹlẹbẹ (pane) 16 fi ṣe fèrèsé. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń sọ pé kẹ́ ẹ lọ lo iléru míì tí wọ́n ń pè ní blast furnace kó lè yára, ìyẹn gan-an irọ́ ni, kódà nínú géèmù yẹn, blast furnace ò gba yanrìn, nǹkan onírin ló ń gbà.

Níta báyìí ńkọ́? Yanrìn funfun tí ò ní ìdọ̀tí nínú kì í yọ́ àfi tó bá tó nǹkan bíi 1,700 dígíríì Celsius. Irin gan-an, 1,538 ló ti ń yọ́. Ìyẹn ni pé irin á ti di omi ṣooro kí yanrìn tó ronú àtiyọ́. Iná èédú tí wọ́n ń fi ẹwìrì fẹ́ ní ilé alágbẹ̀dẹ kì í débẹ̀, ká má tíì wá sọ ti ìdérí kúlà. Wọ́n ń yọ́ yanrìn nìkan lóde òní o, àmọ́ iná ńlá ni wọ́n fi ń ṣe é, gíláàsì ẹ̀ sì wọ́n gan-an, ilé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ló ń rà á. Mànàmáná náà ń ṣe é, tó bá já lu yanrìn, ó máa ń yọ́ ọ di gíláàsì tó rí bíi gbòǹgbò igi nínú ilẹ̀. Tẹ́ ò bá ti ní Ṣàngó ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbàgbé ìyẹn.

Báwo làwọn ará àtijọ́ ṣe wá ń ṣe é? Ẹ wo ẹ̀wà lórí iná. Ẹ̀wà tó le máa ń jẹ kẹrosíìnì títí agara á fi dá èèyàn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ju káún díẹ̀ sí i, kíá ló ti rọ̀. Sódà ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún yanrìn, mi ò sì fi ṣe àfiwé lásán o, nítorí káún tí wọ́n ń kó wá láti ìhà Chad yẹn àti natron táwọn ará Íjíbítì fi ń ṣe gíláàsì láyé àtijọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, sódà ló wà nínú méjèèjì. Tí sódà bá ti wọnú yanrìn, ó máa ń tú u lára, tí sódà ọ̀hún bá pọ̀ tó, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kó tó dé 1,000 dígíríì pàápàá. Ìyẹn, iná igi lè débẹ̀ tí wọ́n bá mọ iléru dáadáa.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Géèmù míì wà, RuneScape, ó ti wà láti 2001, èyí tí wọ́n ń pè ní Old School sì jáde ní 2013. Níbẹ̀, kéèyàn tó ṣe gíláàsì ó gbọ́dọ̀ lọ ṣa koríko òkun létí omi, kó sun ún kó di eérú sódà, kó bu yanrìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó wá kó méjèèjì lọ sídìí iléru, ìgbà yẹn ló máa rí gíláàsì yíyọ́, kó tó wá mú páìpù kó máa fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ife bíà lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n fẹ́, tó bá wá di level 33 ẹ lè fẹ́ ìgò kékeré tí wọ́n ń rọ oògùn sí. Àwọn tó ń gbá a máa ń fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní koríko òkun báwo, idán lásán ni. Kì í ṣe idán o! Ní erékùṣù Orkney ní Scotland, láwọn ọdún 1700 sí i, iṣẹ́ oòjọ́ àwọn èèyàn ni kí wọ́n máa kó koríko òkun, kí wọ́n sá a, kí wọ́n sun ún nínú kòtò, kí wọ́n sì ta eérú ẹ̀ fáwọn tó ń ṣe gíláàsì àti ọṣẹ. Ibi tí géèmù yẹn ti purọ́ ni iye tó ń jáde: nínú géèmù koríko kan, eérú kan, àmọ́ lóòótọ́ ó lè gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20 koríko tútù kí tọ́ọ̀nù kan eérú tó jáde. Ẹ wo ìyà!

Ìkan tún wà tí RuneScape náà fò. Yanrìn pẹ̀lú sódà nìkan á yọ́ lóòótọ́, á dán, àmọ́ omi lè yọ́ ọ pa dà. Ẹ fojú inú wo kéèyàn rọ omi sínú ife kí ife wá máa yọ́ lọ. Láìmù ló ń dá ìyẹn dúró, nǹkan tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe sìmẹ́ǹtì àti nínú ìkarahun ìgbín. Gíláàsì fèrèsé òde òní, yanrìn inú ẹ̀ lé díẹ̀ ní 70 nínú 100, sódà bíi 13 sí 14, láìmù bíi 10. Ó jọ pé púpọ̀ nínú àwọn ará àtijọ́ ò mọ̀ pé láìmù ń ṣiṣẹ́ kankan, yanrìn etíkun tí wọ́n ń bù ló ti ní ìkarahun tó fọ́ wẹ́wẹ́ nínú, ló bá ń bá wọn ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Tiwa ńkọ́? Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì kún ilẹ̀ níbẹ̀, Leo Frobenius ará Jámánì ti rí i ní 1910. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn kan fi ń sọ pé gíláàsì tí wọ́n gbé wọlé láti òkè òkun làwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí Abidemi Babalola, onímọ̀ tó ń walẹ̀ wá nǹkan àtijọ́, wá gbẹ́ ibẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì yẹ gíláàsì ọ̀hún wò, láìmù àti alumina, nǹkan kan tó máa ń wà nínú amọ̀, pọ̀ nínú ẹ̀ lọ́nà tí kò bá ti Íjíbítì tàbí ti òyìnbó mu. Àwọn ará Ifẹ̀ ní àpòpọ̀ tiwọn. Àwọn náà ò kàn ju yanrìn síná.

Ti yanrìn pupa, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n má gbàgbé. Ní Minecraft, tẹ́ ẹ bá sun yanrìn pupa, gíláàsì funfun gaara náà ló máa jáde, ẹni tó bá ń wá gíláàsì pupa àfi kó lọ wá aró. Níta, irin ló ń sọ yanrìn di pupa, irin yẹn náà ló sì ń sọ gíláàsì di àwọ̀ ewé. Ẹ lọ wo gíláàsì fèrèsé yín, ẹ má wò ó láàárín, etí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ máa rí i pé ó ń ṣe bí ewé, irin díẹ̀ tó kù nínú yanrìn nìyẹn.

Irọ́ tó wá bí mi nínú jù ni ti fífọ́. Ní Minecraft, tẹ́ ẹ bá lu gíláàsì láìní idán tí wọ́n ń pè ní Silk Touch lára irinṣẹ́, ó fọ́, ó parẹ́, kò sóhun tẹ́ ẹ máa ṣà. Níta àfọ́kù gan-an lọrọ̀, torí ó ti yọ́ rí, iná tó máa tún un yọ́ ò tó ti àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn táwọn Masaga, àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ní Bida, fi ń ra ìgò ọtí òfìfo tí wọ́n ń yọ́ ọ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyẹn, torí mo sọ ọ́ fọ́mọ yẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àǹkù, ìgò máltínà ńkọ́, ṣé iná yìí lè yọ́ ìyẹn?" Mo kó gbogbo ìgò tó wà ní ẹ̀yìnkùlé sínú bùútù kí n tó wọlé lọ kí ìyá ẹ̀.