Ìbéèrè àti ìdáhùn: Orí rélùwéè kékeré tí kì í kúrò nínú yáàdì

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àjọ tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe òfin kan. Wọ́n ní tó bá di ọdún 2030, ọ̀pọ̀ orí rélùwéè tó ń tú èéfín tó ti lé ní ọdún 23 kò ní í ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn mọ́, àti pé èyí tí wọ́n bá kọ́ láti ọdún yẹn lọ fún iṣẹ́ inú yáàdì, ìyẹn ọgbà tí wọ́n ti ń to rélùwéè, kò gbọdọ̀ tú èéfín rárá. Ìjọba àpapọ̀ ní láti fọwọ́ sí i kó tó lè múlẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2025, California fúnra wọn fa ìwé tí wọ́n fi tọrọ àṣẹ náà padà. Àtìgbà náà làwọn èèyàn ti ń fi àwòrán orí rélùwéè kékeré kan ránṣẹ́ sí mi pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, torí wọ́n mọ̀ pé mo ní àwòṣe irú rẹ̀ mẹ́rin lórí pákó nínú yàrá mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí dọ́ba, mi ò sì fẹ́ kí ẹ ṣì í gbọ́.

Ṣé California ti fòfin de rélùwéè ni?

Rárá. Apá òfin tí mo sọ yẹn kò rí àṣẹ gbà, iṣẹ́ sì ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ inú àwòrán náà?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní shunter, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní switcher. Ṣọ́ńtà ni mo máa pè é níbí, torí ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá já síwájú àwọn tó ti tò sórí ìlà ní báǹkì tàbí nílé epo, a ní ó ṣọ́ńtì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ìlà ni ṣọ́ńtà ń tò ní tirẹ̀.

Rélùwéè akẹ́rù kì í dédé wà. Wágọ̀nù tó kó sìmẹ́ǹtì, táńkà tó gbé epo, èyí tó ṣófo tó ń padà sílé, ojú irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn wà nínú yáàdì. Ṣọ́ńtà ló ń lọ fà wọ́n jáde, tó ń tì wọ́n wọ ibòmíràn, tó ń so wọ́n pọ̀ títí èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ já sílẹ̀ lọ́nà á fi wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Orí ńlá tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá so mọ́ ọn, á sì gbé e lọ. Iṣẹ́ tó nílò làákàyè ti parí kó tó dé.

Kí ló dé tí kì í sáré?

Wọ́n fi eré sílẹ̀ kí wọ́n lè rí agbára. Bí awakọ̀ dánfó ṣe ń fi jíà kìíní gun òkè, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe to jíà inú rẹ̀. Class 08, irú ṣọ́ńtà kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ju máìlì 15 sí 20 lọ ní wákàtí kan, ó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 50 kí wíìlì rẹ̀ má bàa máa yọ̀ lójú irin.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Class 08 yẹn, 996 ni wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1952 sí 1962, díẹ̀ nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ńtà SW1200 tí ilé iṣẹ́ EMD kọ́ láàárín ọdún 1954 sí 1966 ṣì wà tó ń ti wágọ̀nù àgbàdo nílé ìkó-ọkà-sí. Ohun tí kì í sáré kì í tètè gbó, ẹ́ńjìnnì inú wọn kò sì díjú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ara kékeré ni òfin èéfín máa ń bà lé?

Ìbéèrè yìí ló wù mí jù lọ, torí ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní ọdún 1923, ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní òfin Kaufman, pé kí àwọn rélùwéè jáwọ́ nínú lílo ẹ̀rọ tó ń fi èédú se omi láàárín ìlú New York. Ilé iṣẹ́ Central Railroad of New Jersey ní yáàdì kékeré kan ní Bronx, apá kan ìlú New York, nígbà náà. Yáàdì yìí kò ní ojú irin kankan tó so ó mọ́ ìyókù rélùwéè wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé wágọ̀nù kọjá wá, lórí ojú irin tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ há, gbogbo irin rẹ̀ ló ń kọ́ kọ̀rọ̀. Ta ló máa na wáyà iná mànàmáná sírú ibẹ̀ yẹn? Ilé iṣẹ́ mẹ́ta bá para pọ̀. Alco kan ara rẹ̀, General Electric ṣe ti iná, Ingersoll-Rand mú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì wá. Lọ́dún 1925, ẹ̀rọ kan tí agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 300 lọ wọ Bronx, nọ́ńbà 1000 wà lára rẹ̀. Títí di ọdún 1957 ló fi ń tò wágọ̀nù níbẹ̀. Ẹ lè lọ fojú rí i ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé B&O ní Baltimore. Òun ni dísẹ̀lì àkọ́kọ́ tó rówó pa fáwọn tó kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ńláńlá tí ẹ ń rí lónìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tọ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ara ṣọ́ńtà ni nǹkan tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn èèyàn ni ó ń ṣiṣẹ́, èéfín rẹ̀ sì ń wọ ojú fèrèsé. Kì í lọ síbi tó jìn, nítorí náà bí nǹkan tuntun bá dáṣẹ́ sílẹ̀, inú yáàdì náà ló máa dúró sí, àwọn tó máa tún un ṣe ò jìnnà. Ojú kan ló ń sùn sí lálaalẹ́, ìyẹn dára fún gbígba iná sí bátìrì. Ní ọdún 2022 ni Union Pacific, ilé iṣẹ́ rélùwéè kan ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn fẹ́ ra orí rélùwéè alábátìrì 20 fún yáàdì wọn, 10 lọ́dọ̀ Wabtec, 10 lọ́dọ̀ Progress Rail, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Kò sí òfin kankan tó lé wọn débẹ̀ nígbà yẹn.

Adúgbò wa ni yáàdì wà. Kí ló dé tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tó ń hó mọ́jú?

Omi lásán ló ń tu ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ lára wọn, wọn kì í da oògùn tí kì í jẹ́ kómi dì sí i. Bí wọ́n bá pa á lóru òtútù, omi á di yìnyín, á sì fọ́ irin. Àwọn kan ti wá ní ẹ̀rọ tó ń pa á, tó tún ń tan án fúnra rẹ̀.

Kí lẹ ń rí nínú wíwò rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí láìpẹ́ yìí, láti ẹ̀bá títì, lẹ́yìn odi yáàdì. Ṣọ́ńtà kan ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wágọ̀nù méjìlá. Ó dúró nígbà tó kù bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ wo ìkọ́ méjèèjì, ó fọwọ́ fa ọ̀kan sílẹ̀ kó lè la ẹnu, ó kúrò láàárín, ó wá gbọ́wọ́ sókè. Ẹ̀rọ náà sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́: gbà! Ìkọ́ méjì há mọ́ra bí ìgbà tí èèyàn méjì bá fi ìka kọ́ ara wọn. Nígbà tó wá fẹ́ fà á, wágọ̀nù àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ mira, lẹ́yìn náà ìkejì, gbà-gbà-gbà-gbà, ariwo náà ń rìn lọ sẹ́yìn títí ó fi dé ara ìkẹyìn.

Irú ìkọ́ yẹn, Eli Janney ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1873. Ṣáájú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ní láti dúró sáàárín wágọ̀nù méjì tó ń bọ̀ wá pàdé ara wọn, kó fọwọ́ ki irin bọ inú ihò. Ìka tó gé níbẹ̀ kò lóǹkà, àwọn míì kú. Ọdún 1893 ni wọ́n ṣe òfin ní Amẹ́ríkà tó fi ìkọ́ tó ń so ara rẹ̀ ṣe dandan. Mi ò lè gbọ́ ìró “gbà” yẹn kí n má rántí wọn.

Rélùwéè àwòṣe wù mí, àmọ́ mi ò ní àyè nílé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ńtà. Pákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó ẹni tó bá ń lo ìwọ̀n N, ìyẹn èyí tó kéré sí ojúlówó lọ́nà 160. HO, tó kéré lọ́nà 87, máa ń fẹ́ àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Alan Wright, ló gbé ayò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Inglenook. Ojú irin mẹ́ta ni. Ọ̀kan gba wágọ̀nù márùn-ún, méjì tó kù gba mẹ́ta-mẹ́ta, ibi tí ṣọ́ńtà ti ń fà sẹ́yìn sì gba òun àti wágọ̀nù mẹ́ta péré. Wágọ̀nù mẹ́jọ lẹ máa ní. Èmi kọ nọ́ńbà wọn sí bébà, mo ká wọn sínú fìlà, mo sì máa ń fa márùn-ún jáde. Bí wọ́n bá ṣe jáde ni mo gbọ́dọ̀ tò wọ́n. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 8 lọ́nà 7, lọ́nà 6, lọ́nà 5, lọ́nà 4, ó di 6,720. Bí ẹ bá ń ta ọ̀kan lójoojúmọ́, ó máa lé ní ọdún 18 kí ẹ tó ta gbogbo rẹ̀ tán. Wágọ̀nù tí ẹ ń wá, ẹ̀yìn méjì tí ẹ ò fẹ́ ló máa ń wà. Ẹ máa dúró, ẹ máa ronú bí ẹni tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Tèmi máa ń kú lójú ọ̀nà.

Ara irin ni wíìlì rẹ̀ ti ń gba iná, ṣọ́ńtà ò sì ní wíìlì púpọ̀. Eruku díẹ̀ ti tó láti dá a dúró. Ẹ fi aṣọ òwú àti isopropyl alcohol nu irin, ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sí nítòsí, kí ẹ sì nu wíìlì náà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ibi tí irin méjì ti dábùú ara wọn ló ti ń kú, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀, torí rọ́bà kì í gbé iná. Kápásítọ̀ tó ń fi iná díẹ̀ pa mọ́ máa ń gbé e kọjá irú ibẹ̀.

Mo rí ọ̀kan tó ń rìn tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé kí n sá?

Awakọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó so àpótí rédíò mọ́ àyà, òun ló fi ń darí rẹ̀. Bí ó bá ṣubú, àpótí náà máa mọ̀, á sì dá ẹ̀rọ dúró.

Èyí tó dẹ́rù bani ṣẹlẹ̀ ní Ohio ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2001, kò sì sí àpótí rédíò níbẹ̀. Awakọ̀ kan ní yáàdì Stanley sọ̀ kalẹ̀ láti lọ yí ojú irin padà. Ó rò pé òun ti yí i sí bíréèkì tó ń lo mọ́tò ẹ̀rọ náà láti dín eré kù, kò sì rí bẹ́ẹ̀, agbára ló yí i sí. Wágọ̀nù 47 bá a lọ, fún máìlì 66, láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀, táńkà méjì nínú wọn sì gbé kẹ́míkà olóró. Orí rélùwéè míì ló lé e bá láti ẹ̀yìn, ó so mọ́ ọn, ó ń fà á sẹ́yìn títí eré rẹ̀ fi dínkù tí ọkùnrin kan fi fò wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó kú.

Ṣé mo lè wọ yáàdì lọ wò ó dáadáa?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pani níbẹ̀ kì í pariwo. Àwa tá a mọ Agége, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, fèrè la fi ń mọ̀ pé rélùwéè ń bọ̀. Wágọ̀nù tí ṣọ́ńtà bá tì níwájú kò ní fèrè, kò ní ẹ́ńjìnnì. Ó lè máa yí bọ̀ lẹ́yìn yín bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má gba àárín wágọ̀nù méjì kọjá, ì báà ti dúró sójú kan látàárọ̀. Ẹ má rá kòrò gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró sí títì, tàbí lórí afárá, kí ẹ sì di ọwọ́ àwọn ọmọdé mú.

Ṣé kí n tètè ra àwòṣe tèmi kó tó di pé wọn ò ṣe é mọ́?

Ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe àwòṣe àwọn elédùú tí wọ́n ti pa tì tipẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, àlòkù ni, mo sanwó láìdán an wò. Nígbà tí mo gbé e délé, ńṣe ló ń ta bíi kọ̀ǹkọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé e sórí irin lójú yín, kó fi í sí eré tó kéré jù. Kí ẹ gbé igi ìṣáná kan sí ẹ̀gbẹ́ irin. Bó bá lè gba ẹ̀gbẹ́ ìṣáná náà kọjá láìta, láìdúró, tí ẹ sì lè ka méje kó tó kọjá rẹ̀ tán, ẹ sanwó.