Ẹ kọ́kọ́ wá ilẹ̀: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣọdẹ fẹ́sáǹtì ní ìpínlẹ̀ míì

Tí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé báyìí ni fóònù mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ará wa ní Houston, Atlanta, Maryland, wọ́n ti ra ìbọn, wọ́n ti ra fìlà aláwọ̀ ọsàn, ẹlòmíì tiẹ̀ ti ra ajá, wọ́n á ní South Dakota làwọn ń lọ lọ́dún yìí láti lọ pa fẹ́sáǹtì. Mo máa ń bi wọ́n pé ilẹ̀ ta lẹ fẹ́ wọ̀? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn ti máa ń dákẹ́. Ìbọn ò ṣòro rárá, láísẹ́ǹsì náà ò ṣòro, orí fóònù yín lẹ ti máa rà á, àmọ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa rìn kiri lórí ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan pe ọlọ́pàá sí yín, tí ẹyẹ sì tún wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ gidi nìyẹn, ilé lẹ sì ti máa ṣe é, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó gbéra.

Fún ẹni tí ò tíì rí ẹyẹ yìí rí, òun àti àparò wa nílé, ìdílé kan náà ni, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ dáadáa. Akọ ẹ̀ ló ní òrùka funfun lọ́rùn àti ìrù gígùn, àwọ̀ abo rí bíi ti ewé gbígbẹ, ẹ ò sì gbọdọ̀ yìnbọn sí abo o, akọ nìkan lòfin gbà. China ni wọ́n ti kó o wá sí Oregon lọ́dún 1881 àti 1882, ẹ̀yìn ìyẹn ló dé South Dakota, ibẹ̀ ò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti pa á títí di 1919, ọjọ́ kan péré ni wọ́n sì fún wọn lọ́dún náà, ní Spink County. Lónìí, èyí tí wọ́n ń pa ní South Dakota nìkan máa ń lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún tó bá dáa. Ìdí tí gbogbo ayé fi ń wọ́ lọ síbẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orí oko ni fẹ́sáǹtì ń gbé, oko sì lólóko. Ní Kansas àti Nebraska, nínú 100 éékà ilẹ̀, bíi 97 ló jẹ́ ti aládàáni. Tí ìjọba ò bá dá sí i, ẹni tó lówó láti sanwó fún lodge, ìyẹn ilé àlejò àwọn ọlọ́dẹ tó ní ilẹ̀ tiẹ̀, nìkan ló máa máa ṣọdẹ níbẹ̀. Torí ẹ̀ làwọn ìpínlẹ̀ yìí ṣe ń sanwó fáwọn olóko kí wọ́n gba gbogbo èèyàn láyè láti fẹsẹ̀ wọ oko wọn ṣọdẹ. Kansas ń pe tiwọn ní WIHA, ọdún 1995 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì tó bíi mílíọ̀nù kan éékà. South Dakota ń pè é ní Walk-In Area, North Dakota ní PLOTS, àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè tó dorí kodò lẹ máa rí létí ọ̀nà. Ti Nebraska ni Open Fields and Waters, ti Iowa ni IHAP, ti Montana ni Block Management. Minnesota náà ní tiẹ̀, 3 dọ́là lẹ máa fi kún láísẹ́ǹsì yín kẹ́ ẹ tó lè wọ̀ ọ́. Lórí púpọ̀ nínú wọn ẹ ò ní láti pe olóko kankan, ẹ gbé mọ́tò sétí ọ̀nà, ẹ fẹsẹ̀ wọlé. Àwọn kan wà níbi tí wọ́n á ti ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, pátákó ẹnu ọ̀nà ló máa sọ, ẹ dúró kà á.

Yàtọ̀ sáwọn yẹn, ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba gan-an wà. Game Production Area ni ti ìpínlẹ̀ South Dakota, Waterfowl Production Area, WPA, ni ti ìjọba àpapọ̀, ó pọ̀ ní Dakota méjèèjì àti Minnesota. Owó òǹtẹ̀ táwọn ọlọ́dẹ pẹ́pẹ́yẹ ti ń rà látọdún 1934 ni wọ́n fi ra èyí tó pọ̀ nínú WPA, nítorí náà irà máa ń wà níbẹ̀, fẹ́sáǹtì sì fẹ́ràn etí irà gan-an tí òtútù bá ti mú. Ẹ má gbé ọta òjé wọ ibẹ̀ o, òfin ò gbà á, ọta irin ni kẹ́ ẹ rà. Èmi a tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ kúkú ra ọta irin fún gbogbo ìrìn àjò náà, ẹ ò ní máa yẹ àpò wò ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá dé.

Wàyí o, ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń fi owó epo ṣòfò rèé. Wọ́n á ṣí máàpù, wọ́n á rí i pé àwọ̀ ilẹ̀ ọdẹ kún gbogbo ẹ̀, inú wọn á dùn. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ lè wọ̀ ni àwọ̀ yẹn ń sọ fún yín, kò sọ pé ẹyẹ wà níbẹ̀. Ẹ wo Walk-In ti South Dakota, èyí tó pọ̀ jù wà ní ìwọ̀ oòrùn odò Missouri, ilẹ̀ ìjẹko màlúù ni, ẹ lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ má gbóhùn fẹ́sáǹtì kan. Ìlà oòrùn odò yẹn, lọ́wọ́ Aberdeen, Redfield, Huron, Mitchell, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti kéré lójú máàpù tí ẹyẹ sì wà, bẹ́ẹ̀ náà ni agbègbè Winner tó wà lápá kejì odò.

Ohun tí mo ń wò nìyí. Fẹ́sáǹtì ń sùn nínú koríko gíga, ó ń jẹun nínú oko ọkà, tí yìnyín bá bo ilẹ̀ ó ń sá sínú irà tàbí sábẹ́ ìlà igi tí wọ́n gbìn láti dènà atẹ́gùn. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti sún mọ́ra, bóyá nǹkan bí ìdajì máìlì síra wọn, mo fi àmì sí i. Koríko gíga nìkan, láìsí àgbàdo tàbí ọkà bàbà nítòsí, mo fò ó. Oko àgbàdo nìkan, láìsí koríko, mo fò ó. Ẹ lo onX tàbí áàpù míì tó ń fi ààlà ilẹ̀ àti orúkọ onílẹ̀ hàn, kẹ́ ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì, kẹ́ ẹ fi máàpù tí ìpínlẹ̀ náà gbé jáde fún ọdún yìí lé e lórí. Mo ní ọdún yìí o, torí àdéhùn olóko lè parí nígbàkigbà, ilẹ̀ tẹ́ ẹ wọ̀ ní èṣí lè ti kúrò nínú ètò, tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ ẹ ti rú òfin.

Ẹ tún mọ̀ nípa CRP. Òfin oko ọdún 1985 ló dá a sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ á máa sanwó fún olóko fún ọdún 10 sí 15 kó má fi ilẹ̀ náà dáko, koríko ni kó gbìn sí i, inú koríko yẹn sì ni abo fẹ́sáǹtì ti ń yé ẹyin. Níbi tí CRP bá ti pọ̀, ẹyẹ á pọ̀, tí àdéhùn bá parí tí olóko tún ro ilẹ̀ padà, ẹyẹ á lọ. Nígbà ọ̀dá ẹ̀wẹ̀, wọ́n máa ń gba olóko láyè kó gé koríko CRP fún ẹran jẹ, àwòrán sátẹ́láìtì ò ní fi ìyẹn hàn yín, ó lè jẹ́ ti ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé ilẹ̀ ti fá korokoro, ẹ má wọ̀ ọ́ torí pé ẹ ti wakọ̀ jìnnà, ẹ kọjá síbi tó kàn.

Torí bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé ẹ gbé fóònù. Gbogbo ìpínlẹ̀ yìí ló ní onímọ̀ ẹranko ìgbẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ ìgbẹ́ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn wà fún gbogbo èèyàn. Ẹ má bi wọ́n pé ibo ni ẹyẹ wà, gbogbo èèyàn ló ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ka máàpù, ẹ wá bi wọ́n pé ilẹ̀ mẹ́ta tó wà ní apá àríwá ìlú báyìí, ṣé koríko ẹ̀ ṣì dúró, ṣé wọ́n ti kórè àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣé yìnyín òjò bà wọ́n jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á dá yín lóhùn dáadáa torí wọ́n á rí i pé ẹ ti ṣiṣẹ́ yín. Iowa máa ń ka ẹyẹ létí ọ̀nà ní oṣù kẹjọ, Kansas àti North Dakota náà ń ka tiwọn, ẹ lọ ka ìròyìn ẹ̀. South Dakota dá kíka ẹyẹ bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́yìn 2019, nítorí náà fóònù ṣe pàtàkì jù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkórè yẹn, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. South Dakota ń ṣí ọdẹ ní Sátidé kẹta oṣù kẹwàá, Nebraska àti Iowa ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà, Kansas ní Sátidé kejì oṣù kọkànlá. Tí àgbàdo bá ṣì dúró lóko ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ẹ̀ ni gbogbo ẹyẹ wà, ilẹ̀ ìjọba á sì kún fún èèyàn. Èmi ò kí ń yan ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù kejìlá ni mo fẹ́, ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday, ìkórè ti tán, èrò ti lọ sílé, irà ti dì débi pé ẹsẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ dán yìnyín ọ̀hún wò kẹ́ ẹ tó gbára lé e. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti eré o.

Tẹ́ ẹ bá rí ilẹ̀ aládàáni tó wù yín, ẹ lọ tọrọ ẹ̀. Ará wa máa ń bẹ̀rù eléyìí, wọ́n á ní oyìnbó àgbẹ̀ wo ló máa fún dúdú láyè. Mo ti rí i tí wọ́n fún wa, mo sì ti rí i tí wọn ò fún wa, ó tọ́ kẹ́ ẹ gbìyànjú. Nílé náà, ọdẹ tó bá dé ìgbẹ́ ìlú onílùú, baálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kí. Ẹ lọ ní ọ̀sán, kì í ṣe ìdájí, ẹ fi ìbọn àti ajá sílẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ bọ́ fìlà, ẹ dárúkọ yín, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti wá àti iye ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́. Tó bá ń kórè lọ́wọ́, ẹ má dá ẹ̀rọ ẹ̀ dúró, ẹ padà wá nírọ̀lẹ́. Tó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, ẹ lọ. Tó bá gbà, ẹ béèrè ààlà, ẹ béèrè ibi tí màlúù wà, ẹ fi gbogbo géètì sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lọ́dún tuntun. Ní Kansas, kódà tí kò bá sí pátákó kankan lórí ilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, tẹ́ ẹ bá sì rí ọ̀dà àlùkò lára òpó tàbí igi, àṣẹ tí wọ́n kọ sórí ìwé ló túmọ̀ sí.

Òfin mẹ́ta ló máa ń mú àlejò. Ní North Dakota, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìpínlẹ̀ míì wá ò lè ṣọdẹ lórí PLOTS ní ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí ọdẹ fẹ́sáǹtì. Ní South Dakota, láísẹ́ǹsì àlejò jẹ́ ọjọ́ 5 lẹ́ẹ̀mejì, aago 10 àárọ̀ ni ìbọn ń bẹ̀rẹ̀, akọ 3 lóòjọ́ ni fún ẹnì kan. Ní Iowa, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́ gbogbo ẹ̀ ti parí. Kansas nìkan ló gba 4 lóòjọ́ nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí.

Èyí tó kàn wà fún wa gan-an. Ẹni tó bá ní green card lè ní ìbọn bí ọmọ ìlú. Ẹni tó wá lórí físà ọmọléèwé tàbí ti àbẹ̀wò, òfin àpapọ̀ ní kó má fọwọ́ kan ìbọn rárá, àfi tó bá ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì wúlò. Ẹni tí ìwé ẹ̀ ti kú, kódà pẹ̀lú láísẹ́ǹsì, kò gbọdọ̀ gbá ìbọn mú. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá lọ́yà ìmígréṣọ̀n sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ò gbọdọ̀ ba ìwé ẹnikẹ́ni jẹ́. Kẹ́ ẹ sì wo ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọdẹ, Kansas ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí látọjọ́ 1 oṣù keje 1957, èyí tẹ́ ẹ gbà ní Texas tàbí Georgia wọ̀ níbẹ̀.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti tò, ẹ yan ìlú kan ṣoṣo láti sùn, kẹ́ ẹ sì ní ó kéré tán ilẹ̀ 10 tàbí 12 lórí máàpù láàárín 30 máìlì sí i, torí ẹlòmíì á ti dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù ṣáájú yín, tẹ́ ẹ bá sì rí mọ́tò níbẹ̀ ẹ kọjá. Ẹ da máàpù náà sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, nẹ́tíwọọ̀kì kì í sí lójú ọ̀nà oko. Ẹ má gbá ilẹ̀kùn mọ́tò, fẹ́sáǹtì gbọ́ ọ ó ti sá dé òpin koríko, kẹ́ ẹ rìn kọjú sí atẹ́gùn kí ajá lè gbóòórùn, kí ẹnì kan dúró ní òpin ibẹ̀. Tí ẹyẹ bá sì bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ fi orí tàbí ìyẹ́ tàbí ẹsẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi délé, kí ẹ̀ṣọ́ tó bá dá yín dúró lọ́nà lè rí i pé akọ ni, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà láísẹ́ǹsì ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ àpò tiẹ̀ nínú kúlà.