Bẹ́líìtì Já, Ọkọ̀ Gbóná: Bí A Ṣe Ń Yẹ HiAce Àtijọ́ Wò

Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì HiAce àtijọ́ wà, irú èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2RZ tó ń kó èrò káàkiri Èkó. Orí rẹ̀ gan-an ni awakọ̀ jókòó lé. Ẹni tó bá fẹ́ rí fáànù bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gbé ìjókòó sókè, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ kì í fi í yẹ̀ ẹ́ wò títí á fi já.

Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù tó ń fa omi yí ẹ́ńjìnnì ká àti ọ́tánétọ̀ tó ń ṣe iná fún bátìrì, orí wọ́tà pọ́ǹpù yẹn náà sì ni fáànù wà. Tó bá já, omi ò ní yí ká mọ́, fáànù ò ní fẹ́ rédíétọ̀ mọ́, bátìrì ò sì ní gba iná mọ́. Ṣùgbọ́n àmì wọn kì í dé pa pọ̀. Iná bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ tàn pupa lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà ni géèjì ooru á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gòkè. Awakọ̀ tó bá ní ọ̀rọ̀ ríwáyà ni, pé ó di alẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, ló máa ń ra tọ́ọ̀pù silíńdà, ìyẹn irin tó bo ẹ́ńjìnnì lórí. Ibi tí iná yẹn bá ti tàn ni kó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó pa ọkọ̀.

Ti Volkswagen Beetle tí kò lómi rárá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pá dáínámò ni fáànù rẹ̀ wà lórí, bẹ́líìtì ló sì ń yí dáínámò. Bó bá ti já, kò sí atẹ́gùn kankan tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára mọ́.

Bí ooru bá dé láìsí iná bátìrì, ibòmíràn la ó wò. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú gòsìlóò àmọ́ tó ń tutù lójú títì márosẹ̀, fáànù ni kí a fura sí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí a sì ti pa á, kí a fi ọwọ́ yí fáànù: bó bá ń yí fìrìfìrì láìsí ohun tó dá a dúró, kílọ́ọ̀ṣì fáànù tó so ó mọ́ púlì ti kú. Èyí tó ń gbóná lórí òkè tàbí lórí eré, rédíétọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń dí. Kí a ṣọ́ra fún géèjì náà: bí omi bá ti tán, inú oru omi àti atẹ́gùn lásán ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà, ọwọ́ géèjì lè padà wálẹ̀ nígbà tí irin ń jóná lọ́wọ́.

Kò yẹ kí a ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé ó kéré tán. Ìdérí náà ti ha omi mọ́nú, omi lè kọjá 110°C kó má tíì hó. Bí a bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan, á sì tú sí èèyàn lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tútù kò gbọ́dọ̀ kan ẹ́ńjìnnì gbígbóná, torí irin á sán tàbí kó lọ́.

Kí a tó ra bẹ́líìtì tuntun, kí a mú èyí tó já wò dáadáa, torí ó máa ń sọ ohun tó pa á. Èyí tó sán káàkiri tó sì gan, ọjọ́ ogbó ni. Èyí tó ń dán bíi dígí, tó ń rùn bíi rọ́bà jíjóná, ó ti ń yọ̀ lórí púlì tipẹ́. Òun ló máa ń ké láàárọ̀. Bó bá wú, tó rọ̀, ọ́ìlì ló ń jò sí i. Bí etí rẹ̀ kan bá fọ́n, púlì kò dọ́gba.

Lẹ́yìn náà, kí a fi ọwọ́ yí púlì ọ́tánétọ̀. Kò gbọ́dọ̀ há, kò gbọ́dọ̀ han. Kí a di fáànù mú, kí a mì í síwá sẹ́yìn: bó bá ń mì, tàbí tí omi bá ń jáde níhò kékeré abẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù, bíárìn tàbí síìlì wọ́tà pọ́ǹpù ti lọ. Bẹ́líìtì tuntun tí a bá fi sórí púlì tó há, kò ní pẹ́ jóná. Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, a ó dẹ bọ́ọ̀tì ọ́tánétọ̀, a ó kó àjákù inú fáànù kúrò, a ó fi bẹ́líìtì sí i, a ó sì fà á. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín ibi tó gùn jù, kó wọlé bíi mìlímítà 10. Èyí tó le jù ń pa bíárìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bátìrì yẹ kó wà láàárín fóltì 13.8 sí 14.5.

Ó ku gáàsìkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó wà láàárín tọ́ọ̀pù silíńdà àti ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tó funfun bí ògì lórí dípútíìkì tí a fi ń wọn ọ́ìlì, omi tó ń yọ fóòfóò lẹ́nu rédíétọ̀, tàbí hóòsì tó le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí a ṣí ọkọ̀ tútù, tọ́ọ̀pù silíńdà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó tún kó èrò.