Owó Tó Pòórá Láàárín Tábìlì Méjì

Ẹ jẹ́ ká wo ilé ìtajà kan tó ní tábìlì méjì nínú dátábéèsì rẹ̀. Tábìlì tita ní iye owó àti nọ́ńbà oníbàárà. Tábìlì onibara ní nọ́ńbà, orúkọ àti ìlú. Oníbàárà 1 ra ọjà ₦12,000, oníbàárà 2 ra ti ₦5,500. Ẹnì kan tún yà wọlé, ó ra ti ₦8,000, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìjẹ́ pé wọ́n gba orúkọ rẹ̀. Àlàfo ló wà níbi nọ́ńbà tiẹ̀, ìyẹn NULL. Àpapọ̀ owó jẹ́ ₦25,500. Ẹ wá fi SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì, so tábìlì méjèèjì pọ̀ (JOIN), kí ẹ sì ro owó náà pọ̀ (SUM):

SELECT SUM(t.iye) FROM tita t JOIN onibara o ON t.onibara_id = o.id;

₦17,500 lèyí máa mú wá, kò sì ní ké gbàjarè pé nǹkan sọnù. Ìlà tó bá rí ẹnìkejì rẹ̀ nìkan ni JOIN lásán ń mú. NULL kò bá ohunkóhun dọ́gba, kódà kò bá NULL mìíràn dọ́gba, torí pé bí a ò bá mọ ẹni méjì, a ò lè sọ pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Ẹ lo LEFT JOIN, tó ń mú gbogbo ìlà tábìlì àkọ́kọ́ bí wọn ò tilẹ̀ rí ẹnìkejì, ₦8,000 yẹn á padà. Ẹ máa ṣe SUM kí ẹ tó so tábìlì pọ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ lè fi méjèèjì wéra.

WHERE, tó ń ṣa ìlà tó bá ohun tí a béèrè mu, ló ń mú àwọn tó ti mọṣẹ́ pàápàá. Wọ́n á kọ LEFT JOIN tán, wọ́n á wá fi WHERE o.ilu = 'Ibadan' tẹ̀ lé e. Ìlú ẹni tí wọn ò gba orúkọ rẹ̀ yẹn jẹ́ NULL, nítorí náà WHERE á gbá a dànù, bí ẹni pé JOIN lásán ni wọ́n kọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo títà ṣì wà, inú ON, níbi tí a ti ń sọ bí tábìlì ṣe so pọ̀, ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìlú sí.

NOT IN, tó ń wá ohun tí kò sí nínú àkójọ kan, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ń wá oníbàárà tí kò tíì rajà rí:

WHERE o.id NOT IN (SELECT onibara_id FROM tita)

NULL ẹyọ kan péré nínú tita, kò ní mú ẹnikẹ́ni jáde, torí SQL kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tí a ò mọ̀ yẹn kì í ṣe oníbàárà náà. NOT EXISTS, tó kàn ń wò bóyá kò sí ìlà kankan tó bá a mu, ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé nọ́ńbà tó wà nínú tita ṣùgbọ́n tí kò sí nínú onibara mọ́, bóyá wọ́n ti pa oníbàárà náà rẹ́. LEFT JOIN pẹ̀lú WHERE o.id IS NULL á kó wọn jáde pẹ̀lú àwọn aláìlórúkọ. Èyí tó bá ṣì ní nọ́ńbà lára nínú wọn, àìsí FOREIGN KEY tó ń ṣiṣẹ́ ló fà á, ìyẹn òfin tó ní kí nọ́ńbà oníbàárà tó bá wà nínú tita wà nínú onibara náà.