Bí wọ́n ṣe ń gba WhatsApp mọ́ èèyàn lọ́wọ́, àti bí a ṣe ń dí i

WhatsApp kò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé bíi ti ímeèlì tàbí Facebook. Nọ́ńbà fóònù ló fi ń dá èèyàn mọ̀. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà kan sínú WhatsApp lórí fóònù tuntun, kóòdù tó ní nọ́ńbà mẹ́fà yóò wọlé sórí ìlà náà, yálà nípa àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ìpè. Ẹni tó bá tẹ kóòdù yẹn ni WhatsApp gbà pé ó ni ìlà, á sì yọ fóònù ti tẹ́lẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Fóònù olówó ńlá kò yọ èèyàn nínú èyí, antivirus kò sì kàn án. Àwọn gbájúẹ̀ kì í da ara wọn láàmú láti já fóònù ẹnikẹ́ni wọ̀. Kóòdù ni wọ́n ń wá.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n béèrè rẹ̀. Ìbéèrè náà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí èèyàn mọ̀, torí wọ́n ti kọ́kọ́ gba WhatsApp onítọ̀hún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi yín sínú ìpàdé àdúrà orí Zoom. Kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá mi fi ránṣẹ́." Kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n sínú fóònù tiwọn, òun ló jẹ́ kí kóòdù wọlé ní wẹ́rẹ́ tí wọ́n sọ ọ́. Zoom kò ní ohunkóhun tó fẹ́ fi kóòdù WhatsApp ṣe. Tí kóòdù bá ṣàdédé wọlé láìsí ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀, nǹkan kan kò tíì bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá wọlé tán, wọn kì í rí ọ̀rọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n gbogbo gúrúùpù ló máa hàn sí wọn. Ibẹ̀ ni owó títọrọ ti ń bẹ̀rẹ̀: "App báǹkì mi kò ṣiṣẹ́, bá mi fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ránṣẹ́, mà á dá a padà lálẹ́." Báǹkì máa ń gbé orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì jáde kí owó tó lọ, orúkọ ọ̀hún kì í sì í bá ti ọ̀rẹ́ mu. Wọ́n á ní ti ẹni tí àwọn fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti dá owó dúró, kí ẹ pe ọ̀rẹ́ náà lórí ìlà, kì í ṣe lórí WhatsApp.

Ọ̀nà kejì burú ju ìyẹn lọ, torí fóònù oní-nǹkan kò ní yọ kúrò, kò sì ní fura. WhatsApp gbà kí èèyàn so ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn mọ́ fóònù rẹ̀, bíi kọ̀ǹpútà. Èèyàn lè fi fóònù ya àmì QR, tàbí kí ó tẹ kóòdù tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ. Gbájúẹ̀ á fi líǹkì ránṣẹ́ pé kí ẹ bá àwọn dìbò fún ọmọ tó ń díje. Ojú ìwé náà á gba nọ́ńbà yín, á gbé kóòdù ọ̀hún jáde, á ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp kí ìbò lè wọlé. Kò sí ìbò kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ gbájúẹ̀ lẹ ń so mọ́ tiyín, á sì máa ka ohun gbogbo tó ń wọlé. Ẹ ṣí Settings (lórí Android, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè), ẹ tẹ Linked devices, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Log out. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó.

Ìkẹta kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ fóònù á ní kí ẹ tẹ *21*, kí ẹ fi nọ́ńbà kan sí i, kí ẹ fi # parí rẹ̀. Gbogbo ìpè yín á máa lọ sọ́dọ̀ gbájúẹ̀, òun á sì ní kí WhatsApp fi ìpè ka kóòdù náà. *#21# ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. ##002# ń pa gbogbo ìdarí ìpè rẹ́.

Ohun tó ń dí ọ̀nà àkọ́kọ́ àti ìkẹta ni PIN ìpele kejì: Settings, Account, Two-step verification, Turn on. Nọ́ńbà mẹ́fà ni, ẹ̀yin lẹ máa yàn án, kì í wọlé nípa àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí. Ẹ fi ímeèlì sí i, torí òun lẹ máa fi tún PIN ṣe tí ẹ bá gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ímeèlì yẹn lè yí PIN padà, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ẹ ti lò níbòmíràn ṣí i. PIN yìí kò dí ọ̀nà kejì rárá.

Tí wọ́n bá jí fóònù, wọ́n lè yọ síìmù sínú òmíràn, kí kóòdù máa wọlé síbẹ̀. PIN síìmù, ìyẹn nọ́ńbà tí fóònù máa ń béèrè kí síìmù tó ṣiṣẹ́, ló ń dí ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN tó bá síìmù wá lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù: tí ẹ bá ṣì í ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, PUK, kóòdù tí a fi ń ṣí síìmù tó ti tì, ló kù; tí ẹ bá ṣi PUK ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, síìmù náà kú nìyẹn.

Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tó ṣì ń fi nọ́ńbà Nàìjíríà lo WhatsApp ní ìṣòro tiwọn. Lábẹ́ ìlànà NCC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ìlà tí kò pe ẹnikẹ́ni, tí kò ra káàdì fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í. Tó bá tún lo oṣù mẹ́fà míì bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á lè má jẹ́ gbájúẹ̀, WhatsApp tiẹ̀ ló kàn fẹ́ ṣí. Ẹ lo Change number kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àti gúrúùpù á bá yín lọ.

Tí wọ́n bá ti gbà á lọ, ẹ tún tẹ nọ́ńbà yín, ẹ béèrè kóòdù, ẹ tẹ̀ ẹ́. Gbájúẹ̀ á yọ kúrò. Nígbà míì WhatsApp á ní kí ẹ dúró fún wákàtí mélòó kan, torí gbájúẹ̀ ti béèrè kóòdù léraléra. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ ṣáá, ńṣe ló ń fi kún àkókò náà. Tó bá béèrè PIN tí ẹ kò mọ̀, gbájúẹ̀ ló fi tiẹ̀ sí i. Ọjọ́ méje lẹ máa fi dúró, ṣùgbọ́n kóòdù tí ẹ tẹ̀ ti lé òun náà jáde. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ fi ìpè lásán kìlọ̀ fún àwọn èèyàn, kí àwọn alákòóso gúrúùpù yọ nọ́ńbà yín kúrò. Gúrúùpù tí wọ́n ti ń dá àjọ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.